Ọ̀nà Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ilé Adémúyìwá

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, Leah jókòó lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Òjòwò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ń rin ewùrà tí yóò fi se ìkọ́kọrẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Ó ti ṣáájú ọkọ rẹ̀ dé láti ilé ìjọsìn. Ó ti bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó ti sá a sórí okùn.

Síkírù ajórin gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé. Leah ní kí ó jókòó. Kò jókòó. Leah bu omi fún un. Ó gba omi náà, kò mu ún.

“Ìyá Ànú,” ó ní, “ẹ fi ewùrà yẹn sílẹ̀ ná. Bàbá Ànú ṣubú díẹ̀.”

“Ṣubú níbo?”

“Ní ilé Alága. Alùpùpù ńlá yẹn ni. Wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọsibítù.”

“Síkírù, wò mí lójú.”

Síkírù ń wo ife omi tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Leah fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́ pẹ́, bí ẹni tí ó mọ̀ pé bí òun bá ti nu ọwọ́ náà tán, òun ti di opó. Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, wọ́n ti fi aṣọ bo Ezra ọkọ rẹ̀ lójú.

Ìròyìn kìíní nìyẹn. Èkejì dé kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Òjòwò sì gbọ́ ọ. Wọ́n ní Ezra, alàgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun, ni ó yọ́ gun alùpùpù ẹni ẹlẹ́ni láìgbàṣẹ. Nínú aṣọ ìsìn! Wọ́n ní ojúkòkòrò ni ó pa á.

Ìròyìn kìíní gba ọkọ lọ́wọ́ Leah. Èkejì gba orúkọ rere tí ọkọ náà ìbá fi sílẹ̀ fún un.

Ọkùnrin tí ó pa irọ́ náà ń jẹ́ Adémúyìwá. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́. Fara balẹ̀ kà á. Kò gùn.

Adémúyìwá ń ta pákó. Kò sí ẹni tí ń la igi ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí kò mọ̀ ọ́n. Alága ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ó fẹ́ kọ́lé, ó yan orí òkè, nítorí ó fẹ́ kí ẹni tí ń ti Àgọ́-Ìwòyè bọ̀ rí òrùlé tirẹ̀ kí ó tó rí ti ẹlòmíràn. Láti géètì títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, ọ̀nà náà ga gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí àkàbà tí a fi ti ògiri, ó sì ṣẹ́ kọ́rọ́ ní àárín. Àwọn bíríkìlà ní kí àwọn fi kọnkéré gbágungbàgun sí i, kí ẹsẹ̀ àti táyà lè rí nǹkan dì mú. Ó kọ̀. Ó ní táìsì ni òun fẹ́, dúdú, tí ń dán, irú èyí tí àwọn èèyàn ń tẹ́ sí pálọ̀.

“Alága, èèyàn á máa yọ̀ ṣubú o,” ni bíríkìlà wí.

“Ẹni tí kò bá lè gùn ún, kó dúró nísàlẹ̀. Ṣèbí ìsàlẹ̀ ni wọ́n bí i sí.”

Láti ìgbà náà ni ọ̀nà yìí ti di eré fún un. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ìgò ọtí á wà níwájú wọn, wọn á sì ránṣẹ́ sí ọlọ́kadà pé kó gbé nǹkan wá. “Má dúró sí géètì o! Gùn ún wá!” Bí táyà bá yọ̀, tí ọkùnrin náà ṣubú pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ẹ̀rín á ta lókè. Adémúyìwá mọ bí a ti ń sín ẹni tí ó ṣubú jẹ. Á máa tiro káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, á di ìdí mú, á máa ké “Yéè, ìyá mi o!” títí omi á fi jáde lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin ìsàlẹ̀ á máa ṣa ẹrù rẹ̀ jọ, á máa gbọ́ wọn.

Òun fúnra rẹ̀ ra alùpùpù kan tí kò sí irú rẹ̀ ní àdúgbò. Ẹfọ̀n ni àwọn èèyàn ń pè é. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ọkùnrin kan kò lè dá a gbé dìde.

Ezra ni ó ń bá a tún Ẹfọ̀n ṣe. Ezra àti Adémúyìwá jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé-ìwé ìjọ nígbà èwe wọn. Ọ̀kan di ọlọ́rọ̀, èkejì di mẹkáníìkì alùpùpù. Èyí kò dun Ezra. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń dùn ún nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Múyìwá,” á sọ, bí ó ti ń nu òróró kúrò lọ́wọ́, “ìgbà wo lo máa wá?”

“Wá síbo?”

“O mọ ibi tí mò ń wí. Jésù ń pè ọ́.”

“Sọ fún un pé mi ò sí nílé.”

Ezra á rẹ́rìn-ín. Bí ó bá tún padà wá, á tún bi í. Ní ìdájí, nígbà tí ó bá ń gbàdúrà, ó máa ń dárúkọ Adémúyìwá lẹ́yìn ti Leah àti Ànúolúwa, ọmọbìnrin wọn. Adémúyìwá mọ̀, ó sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Ẹ mu ọtí yín,” á ní. “Ezra ń bá mi bẹ̀bẹ̀ lọ́run.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí mo ń wí yìí, òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Ezra ń ti ilé ìjọsìn bọ̀ nínú aṣọ funfun gígùn, láìwọ bàtà. Bí o bá mọ àwọn aláṣọ funfun, o mọ̀ pé ẹni tí ó bá wọ aṣọ náà kì í wọ bàtà, ì báà jẹ́ pé ilẹ̀ gbóná bí ààrò. Ezra kò rú òfin yìí rí. Adémúyìwá náà mọ̀ pé kò rú u rí.

“Wòlíì!” ó ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. “Wòlíì ẹlẹ́sẹ̀ lásán! Gòkè wá!”

Ezra gòkè. Ó ń fi ọwọ́ di ògiri mú, nítorí táìsì náà tutù. Àwọn àlejò ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

“Gun Ẹfọ̀n sọ̀kalẹ̀ lọ sí géètì fún mi. Àwọn èèyàn wọ̀nyí fẹ́ wò ó bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀.”

“Kò burú. Jẹ́ kí n délé, kí n pààrọ̀ aṣọ, kí n wọ bàtà. Mi ò ní pẹ́.”

“Rárá o. Bí o ṣe wà yẹn.”

“Múyìwá, ilẹ̀ tutù. Ẹsẹ̀ lásán ò lè tẹ bíréèkì dáadáa.”

Adémúyìwá yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Ẹ gbọ́ o! Jésù tó rìn lórí omi, kò lè rìn lórí táìsì!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ezra yí padà láti máa lọ. Ká ní ó ti lọ ni, ìwé yìí ì bá má sí. Ṣùgbọ́n Adémúyìwá mọ ibi tí a ti lè mú ọkùnrin náà.

“Ezra,” ó ní, “jẹ́ ká dá májẹ̀mú. Bí o bá gbé e dé géètì nínú aṣọ yẹn, lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, èmi Adémúyìwá á wá sí ìjọ yín. Màá bọ́ bàtà. Màá kúnlẹ̀. Ṣèbí ohun tí o ti ń wá nìyẹn?”

Ezra dúró. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ́.

“Ṣé òdodo lo ń sọ?”

“Ẹlẹ́rìí nìwọ̀nyí.”

Kò sí òdodo kankan nínú rẹ̀. Ó ń ṣẹ́jú sí àwọn àlejò rẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́.

Ezra ká etí aṣọ rẹ̀, ó so ó mọ́ ìbàdí. Ó gun alùpùpù náà. Ó dárúkọ Jésù ní ohùn jẹ́jẹ́. Ó ń rọra sọ̀kalẹ̀, ó sì ń ṣe é dáadáa, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń wòran fi dákẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó tutù yọ̀ kúrò lórí bíréèkì. Etí aṣọ tú. Ẹfọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Wọ́n rí aṣọ funfun tí ń fẹ́ lẹ́lẹ́, wọ́n rí ẹsẹ̀ lásán tí ń wá ilẹ̀ kiri, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Jọ̀wọ́, má fojú fo èyí. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín nígbà tí Ezra fi àyà gbá irin géètì. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín nígbà tí alùpùpù wó lù ú. Wọ́n ṣì rín in fún ìgbà díẹ̀ sí i, títí ọ̀kan nínú wọn fi rí i pé aṣọ funfun náà ti ń pa àwọ̀ dà.

Ṣọ́ọ̀bù Síkírù ajórin kọjú sí géètì náà. Òun ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ezra, tí ó sì fi ọ̀pá irin ti alùpùpù náà kúrò lára rẹ̀. Adémúyìwá sọ̀kalẹ̀ wá, ó bẹ̀rẹ̀ tì í. Ezra la ojú. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Síkírù kò gbọ́ ọ. Adémúyìwá nìkan ni ó gbọ́.

“Mo ti gbé e dé géètì,” ni Ezra wí. “Ó ku tìrẹ.”

Kí ọkọ̀ tí ó gbé e lọ tó kúrò lójú, Adémúyìwá ti rí irọ́ rẹ̀ pa. “Èmi ò rán an o. Ó kàn gùn ún ni.” Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí Síkírù, tí ó ti gbọ́ igbe “Gòkè wá” láti ibi iṣẹ́ rẹ̀.

“Síkírù, orí ilẹ̀ ta ni ṣọ́ọ̀bù rẹ wà?”

“Orí ilẹ̀ yín ni, Alága.”

“Ó dáa tí o rántí.”

Irọ́ náà ṣiṣẹ́ ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ. Àwọn àgbà ìjọ Ezra jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọn kì í ṣe ènìyàn búburú, ṣùgbọ́n ẹnu aráyé ti dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n ní a kò lè fi aṣọ ìsìn sin ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ ṣe ohun tí kò tọ́. Leah kúnlẹ̀ níwájú wọn.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ mọ Ezra. Ẹ mọ̀ pé kò lè fọwọ́ kan nǹkan ẹni ẹlẹ́ni.”

Àgbà Ajíbádé, tí í ṣe olórí wọn, ní kí ó gbà fún Ọlọ́run.

Àǹkárá ni wọ́n fi sin ín. Adémúyìwá wà níbi ìsìnkú náà. Òun ni ó fún wọn ní pákó tí wọ́n fi kan pósí, èyí tí ó dára jù nínú ọjà rẹ̀. Àwọn èèyàn ní ẹ wo ọkùnrin yìí bó ṣe ń fi rere san búburú. Ó tẹrí ba, ó gba ìyìn náà, Leah sì ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì ibojì.

Ọjọ́ Ìsinmi tí ó ṣèlérí dé. Ó kọjá. Kò lọ síbì kankan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ezra wà nínú rẹ̀ bí ẹ̀gún tí ó kán sínú ẹran. Bí ó bá ń bá oníbàárà dúnàá dúrà, á gbọ́ ọ. Bí ó bá ń jẹun, á gbọ́ ọ. Ó mu ọtí sí i. Ní ọjọ́ kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó sín Ezra jẹ fún àwọn, bó ṣe fi ẹsẹ̀ lásán wá ilẹ̀ kiri. Ó kọ̀. Wọ́n fúngun mọ́ ọn. Ó dìde, ó ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín dọ́ba. Òun nìkan ni kò rí ẹ̀rín rín.

Kò gun Ẹfọ̀n mọ́ láti ìgbà náà, wọ́n sì ṣàkíyèsí.

“Alága,” ni ọ̀kan nínú wọn wí, “ṣé kí n bá yín ra kẹ̀kẹ́ ọmọdé? Èyí tó ní táyà mẹ́ta?”

Ìgbéraga kì í sùn. Adémúyìwá ní kí gbogbo wọn wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó gun Ẹfọ̀n lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, ó yí padà. Òjò wẹliwẹli ń rọ̀ nígbà tí ó dé. Ó sáré gba géètì wọlé, ó dojú kọ òkè pẹ̀lú ariwo, bàtà tí ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ó dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Táyà ẹ̀yìn ń yí, kò lọ síwájú. Ẹfọ̀n dúró bí ẹranko tí ó ń ronú. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Adémúyìwá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, bàtà náà yọ̀ lórí táìsì. Òun àti alùpùpù jọ fà lọ sísàlẹ̀ títí wọ́n fi gbá òpó géètì. Alùpùpù náà tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó náà, sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín tí ó gbóná, sì lẹ̀ mọ́ ẹran ara rẹ̀.

Ó ké. Lókè, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Yéè, ìyá mi o!” ni ọ̀kan nínú wọn ń ké, ní ohùn gan-an tí Adémúyìwá fi kọ́ wọn. Wọ́n rò pé eré ni. Bí ó ti ń ké tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ tó. Ibẹ̀, lórí ilẹ̀ tútù, ni Adémúyìwá ti gbọ́ ohun tí Ezra gbọ́ kí ó tó kú.

Leah ń ti ilé ìjọsìn bọ̀. Ojú ọ̀nà yẹn ni ó máa ń gbà lọ sílé, ó sì máa ń yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí ó bá dé géètì náà. Lọ́jọ́ yìí, igbe jẹ́ kí ó yíjú wò. Ó rí ọkùnrin náà. Ó dúró nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń wò ó. N kò ní parọ́ fún ọ: ó dúró pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ó ké pe Síkírù, ó sì gba géètì wọlé. Kò dúró de Síkírù. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di irin gbígbóná náà mú, ó ń gbé e, irin kò sì mira. Síkírù sáré dé pẹ̀lú ọ̀pá irin, ó tì í bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ gbé Ẹfọ̀n kúrò. Ọwọ́ Leah ti bó.

“Ìyá Ànú,” ni Adémúyìwá wí, “ṣé ẹ mọ̀ pé irọ́ ni mo pa?”

“Mo mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi ń gbé e kúrò lára mi?”

Leah wo ọwọ́ rẹ̀ tí ó bó.

“Nítorí pé ó wúwo,” ó ní.

Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè wá kí i lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n lọ. Kò pẹ́ tí ó fi gbọ́ pé wọ́n ti ń pe àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ́dọ̀ ara wọn. Ó gbọ́ pẹ̀lú pé nílé ọtí, ẹnìkan ti ń sín ín jẹ.

Leah ni ó ń gbé oúnjẹ wá. Ó máa ń gbé àwo kalẹ̀, á jókòó sórí àga tí ó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, á sì máa wo ojú fèrèsé.

“Ẹ má rò pé mo ti dárí jì yín,” ó sọ lọ́jọ́ kan. “Mò ń gbìyànjú ni. Bí mo bá dárí jì yín láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán mo ti gbà á padà.”

“Kí ló dé tí ẹ tún ń wá?”

“Ezra máa ń bẹ Ọlọ́run nítorí yín. Mi ò fẹ́ kí àdúrà rẹ̀ já sí asán. Jésù lè gbà yín, Alága. Mi ò sọ pé inú mi dùn sí i. Mo ní ó lè gbà yín.”

Nígbà náà ni Adémúyìwá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó sọ nípa májẹ̀mú náà. Ó sọ ọ̀rọ̀ tí Ezra sọ nílẹ̀ lẹ́bàá géètì.

Leah dìde.

“Nítorí yín ni? Nítorí pé kí ẹ lè wá kúnlẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ ò sì wá.”

“Mi ò wá.”

Leah kó àwo rẹ̀, oúnjẹ ṣì wà nínú rẹ̀, ó jáde lọ. Adémúyìwá gbọ́ ẹkún rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Kò wá lọ́jọ́ kejì. Kò wá lọ́jọ́ tí ó tẹ̀ lé e.

Nínú yàrá yẹn, láìsí àlejò, láìsí ọtí, láìsí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un, ó wá rí ara rẹ̀. Ó rí i pé Ezra mọ̀ pé ilẹ̀ tutù. Ó mọ̀, ó sì gùn ún, nítorí ẹ̀mí ọ̀rẹ́ tí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sì rántí ohun tí wọ́n kọ́ wọn lórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé, tí ó ti gbàgbé: pé Ẹnìkan ti ṣe irú èyí ṣáájú Ezra, Ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ láti ibi gíga jù lọ nítorí àwọn tí kò fẹ́ ẹ, tí ó gbé ohun tí ó wúwo, tí àwọn tí ń wòran sì ń fi í ṣẹ̀sín títí ó fi kú. Ó ti ń gbọ́ ìtàn náà láti kékeré. Ọjọ́ náà ni ó tó mọ̀ pé òun wà lára àwọn tí ń rẹ́rìn-ín.

Àdúrà rẹ̀ kò gùn. “Jésù,” ó ní, “ó wúwo. Gbé e kúrò lára mi.”

Ìmọ́lẹ̀ kò tàn. Ohùn kankan kò dáhùn. Ṣùgbọ́n ó sunkún, kì í sì í ṣe nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ezra ni ó ń sunkún rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí ó sunkún tán, ó mọ ohun tí ó kàn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó lè fi ọ̀pá rìn, ó lọ sí ìjọ aláṣọ funfun. Ó bọ́ bàtà kan tí ó ní sẹ́nu ọ̀nà. Ó rìn gba àárín wọn kọjá, ariwo ọ̀pá rẹ̀ ń dún lórí sìmẹ́ǹtì, ó sì dúró níwájú.

“Èmi ni Adémúyìwá,” ó ní. “Ezra kò jalè. Èmi ni mo ní kó gun alùpùpù yẹn. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wọ bàtà, mo kọ̀. Mo ṣèlérí fún un pé bó bá gbé e dé géètì, màá wá kúnlẹ̀ níbí. Ẹ̀tàn ni. Ó kú, mo sì parọ́ mọ́ òkú rẹ̀. Mo ti bẹ Jésù pé kó dárí jì mí. Mo wá kúnlẹ̀.”

Kò sí ẹni tí ó ké Halelúyà. Ẹnìkan pòṣé. Láti àárín àwọn obìnrin, ìyá arúgbó kan sọ ọ́ ketekete pé, “Ó pẹ́ o.”

Síkírù wà lẹ́nu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Mùsùlùmí ni mí,” ó ní, “n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ níbí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ nígbà tí wọ́n pè é, mo sì dákẹ́. Èmi náà jẹ̀bi.”

Àgbà Ajíbádé dìde, ó tún jókòó, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ti rántí obìnrin tí ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Adémúyìwá fẹ́ kúnlẹ̀, kò mọ bí a ti ń fi ẹsẹ̀ kan kúnlẹ̀. Ọ̀pá yọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Gbogbo ìjọ ń wò ó. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tí ó mira.

Leah ni ó dìde láti àárín àwọn obìnrin. Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì di apá rẹ̀ mú, ó sì rọra gbé e sọ̀kalẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Ó dúró tì í, ó mú ọ̀pá náà dání, omi ń dà lójú rẹ̀, títí ó fi gbàdúrà tán.

Ọ̀rẹ́ mi tí ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Níbo ni ìwọ wà nínú ìtàn yìí?

Bóyá ìwọ kò pa ẹnikẹ́ni. Bóyá o kàn jókòó lókè ni, o rẹ́rìn-ín. Bóyá o mọ òtítọ́ kan tí ó yẹ kí o sọ, o sì ń wo ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ wà. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í dúró sí ibi tí a gbé e kalẹ̀ sí. Ó ń fà wá lọ sísàlẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a kì í sì í mọ̀ títí a ó fi gbá géètì.

Ẹnìkan ti dárúkọ rẹ níwájú Ọlọ́run ní ìdájí òní. Ìyá rẹ ni, tàbí aya rẹ, tàbí ọ̀rẹ́ kan tí o ti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Má jẹ́ kí ó kú kí o tó dáhùn. Mo mọ àwọn tí ó dúró dìgbà náà. Ọlọ́run dárí jì wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ náà kò sí níbẹ̀ láti bá wọn yọ̀. Ọgbẹ́ yẹn kì í jinná bọ̀rọ̀.

Jésù kò ní kí o kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe. Ó ti sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí o dùbúlẹ̀ sí. Sọ ohun tí ó wúwo fún un. Lẹ́yìn náà, dìde lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, kí o sọ òtítọ́ fún un lójú. Má ní ó di ọ̀la. Adémúyìwá náà ní ó di ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, o sì ti rí ohun tí ó ná an. Òní ni.

Bí o bá gba Òjòwò kọjá ní kùtùkùtù, o lè rí ìkòkò ńlá kan lábẹ́ igi lẹ́bàá títì, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń sinmi. Ọkùnrin kan tí ń fi ọ̀pá rìn ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń da omi àná nù, ó ń fọ inú ìkòkò náà mọ́, ó sì ń fi ọwọ́ kan rọ omi tuntun kún un láti inú kẹ́ẹ̀gì. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

Bí àlejò bá bi í pé ta ló ni omi, á ní, “Omi Ezra ni. Ẹ mu ún.”

Á fi ìdérí bo ìkòkò, á da ojú ife dé lórí rẹ̀, á sì máa lọ.